Ìdọ̀bálẹ̀ Nínú Ilé-Ẹ̀kọ́ Tó Léfòó

"Mo lá àlá kan, kì í sì í ṣe lóru." Bí Fọlárìn Ṣódípọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn nígbà tó ń rọ́ ọ fún wa. Ó ní ọ̀sán gangan ni, ọ̀sán Sátidé, lẹ́yìn tí òun ti jẹ ẹ̀wà àti dòdò yó, tí òun sì nà gbalaja sórí ẹní ní pálọ̀ ẹ̀gbọ́n òun obìnrin, Àǹtí Mosún, ní Abẹ́òkúta. Àwọn kan ní àlá ọ̀sán kò ní ìtumọ̀, wọ́n ní ikùn ló ń lá a. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ fún yín bó ṣe rọ́ ọ, kí ẹ sì fi ti ikùn sílẹ̀ fún ikùn.

Ṣùgbọ́n kí àlá yìí tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọkùnrin náà kó tó sùn.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ ni Fọlárìn ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń pinnu ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù kọ̀ọ̀kan yóò gbà, oko adìyẹ tí yóò kọ́kọ́ dé, àti bí ẹrù yóò ṣe débẹ̀ bí òjò bá gbá afárá lọ. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn níbẹ̀rẹ̀, nítorí láti kékeré ló ti jẹ́ ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹni tó pa àlọ́ sọ ìdáhùn rẹ̀. Á di etí rẹ̀. Á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ ọ́." Ṣùgbọ́n ó ti tú gbogbo àlọ́ tó wà nínú iṣẹ́ náà tán. Ọ̀gá rẹ̀, ènìyàn dáadáa ni o, ṣùgbọ́n kì í béèrè ìbéèrè tí òun fúnra rẹ̀ kò ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ibi tí ọkàn Fọlárìn wà ni ilé-ẹ̀kọ́ òwò kan ní òkè-òkun, ní ìlú òtútù kan létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń gba oyè MBA. Gbogbo ayé ló ń du àyè níbẹ̀. Wọ́n ní olùkọ́ á kàn ju ìṣòro ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ láàárín kíláàsì, ìṣòro tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ojútùú rẹ̀, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọmọ Íńdíà, ọmọ Brasíìlì, ọmọ Jámánì, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Nígbà tí Fọlárìn kọ́kọ́ gbọ́ èyí, ó ṣe é bí ẹni tí ebi ń pa tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ láti ilé aládùúgbò.

Ó kọ ìdánwò, ó yege. Wọ́n wá ní kó jẹ́ kí àwọn fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn ti wọ́.

Ó wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó sì jókòó gẹ́lẹ́ síwájú rẹ̀. Àwòrán yọ. Ìyá àgbà kan ló rí, orí rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ó ní Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid ni orúkọ òun. Kí Fọlárìn tó ronú, ara rẹ̀ ti bá a ronú. Ó ti fò kúrò lórí àga, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kì í kàn dìde. Àgbà á kọ́kọ́ wúre, á ní, "Wàá dàgbà, wàá gbó, dìde, ọmọ mi," kí ọmọ tó dìde. Fọlárìn bá dojú bolẹ̀, ó ń dúró de àdúrà. Àdúrà kò wá. Ohun tó ń gbọ́ lórí tábìlì ni, "Ẹ ń lẹ́ o? Ṣé ẹ ń gbọ́ mi? A ò rí yín mọ́ o!" Nígbà tó fi máa rántí pé kámẹ́rà kì í wo ilẹ̀, ìyá náà ti ń bá àga òfìfo sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́. Ó padà jókòó, ó sì dáhùn gbogbo ohun tí wọ́n bi í, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò dìde tẹ̀lé e. Wọ́n ní àwọn á fèsì. Láti ọjọ́ náà, bí fóònù rẹ̀ bá dún, àyà rẹ̀ á já. Bó bá wò ó, ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ra orin.

Àlá ló kàn wàyí.

Ó ní lójú àlá, òun wọ kóòtù, òun so táì, òun jókòó sí pálọ̀ yẹn kan náà, ni kọ̀ǹpútà bá wúkọ́. Ikọ́ onílé tó wá gba owó ilé ló wú.

"Fọlárìn."

"Ẹ káàsán, sà," ni Fọlárìn dá kọ̀ǹpútà lóhùn.

"Ṣé wọn ò sọ fún ọ pé ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ti dé ni?"

"Ó dé ibo, sà?"

"Ó wà lókè òrùlé yín. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa wò ọ́ lórí àga òfìfo. Òun fúnra rẹ̀ ló wá ọ wá."

"Ẹ wò ó, kò yẹ kó da ara rẹ̀ láàmú tó bẹ́ẹ̀," ni Fọlárìn wí, ó sì wá bàtà rẹ̀.

Ó bọ́ síta. Lóòótọ́ ni. Gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ náà, pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀, pẹ̀lú adágún rẹ̀, léfòó sókè bí ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ gbé. Okùn aṣọ Àǹtí Mosún ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Àwọn aṣọ ọmọ Àǹtí Mosún ṣì wà lórí okùn náà, wọ́n ń gbẹ. Àǹtí Mosún fúnra rẹ̀ dúró sábẹ́ rẹ̀, ó ń fún bẹdiṣíìtì.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-ẹ̀kọ́ mi rèé."

Àǹtí Mosún gbójú sókè, ó sì pòṣé. "Ṣé òun ló ṣíji bo oòrùn mọ́ mi lójú láti àárọ̀? Bó o bá dókè, sọ fún wọn pé kí wọ́n má da omi ìdọ̀tí sórí aṣọ mi o. Mi ò fẹ́ ìranù."

"Màá sọ fún wọn."

"Kó o sì mú súwẹ́tà dání."

Fọlárìn gun okùn aṣọ. Ó ní kò ṣòro rárá. Àwọn aṣọ ọmọdé náà ń na apá sí òun, wọ́n ń fa òun sókè. Bó ṣe ń gùn ún ló ń rí àwọn ènìyàn lẹ́yìn gíláàsì, wọ́n yí tábìlì kan ká, wọ́n ń jiyàn, ọwọ́ wọn ń fò sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ṣáà rí i pé àga kan ṣófo láàárín wọn, àti pé kò sẹ́ni tó gbé báàgì lé e. Ó yára sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó kan gíláàsì náà, ni okùn bá di odò.

Odò Ògùn ni. Fọlárìn dúró létí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi kékeré kan wà níbẹ̀, ajá kan jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn, iṣu kan sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú, tó so táì pupa, nawọ́ sí i.

"Èmi ni akọ̀wé tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé," ni ọkùnrin náà wí. Yorùbá ló ń sọ, Yorùbá Ẹ̀gbá gan-an, Fọlárìn kò sì rí ohun ìyanu kankan nínú ìyẹn. "Ìdánwò rẹ nìyí. Èmi rèé, ajá rèé, iṣu rèé. Ọkọ̀ kò lè gbà ju ìwọ àti ẹnì kan lọ. Kó wa kọjá láìsí pé ẹnì kan jẹ ẹnì kejì rẹ̀."

Inú Fọlárìn dùn dé gongo. Àlọ́ yìí, ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n kókó kan rú u lójú.

"Ẹ forí jì mí o, sà. Ẹ̀yin kì í ṣe ewúrẹ́. Ẹ ò lè jẹ iṣu tútù, ajá ò sì lè bù yín jẹ nítorí ẹran."

Akọ̀wé náà ronú díẹ̀. "Òótọ́ ni," ló wí, "dúró ná." Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò wọ́n síbì kan dáadáa, ó sì di ewúrẹ́. Táì pupa náà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Ó yá. Ó ti bá òfin mu."

"Ẹ ṣeun, sà."

Fọlárìn kọ́kọ́ gbé ewúrẹ́ kọjá, ó sì fi ajá àti iṣu sílẹ̀, nítorí ajá kì í jẹ iṣu. Ó padà wá gbé ajá. Nígbà tó gbé ajá dé òdìkejì, ó tún gbé ewúrẹ́ padà, kí ajá má baà gé e jẹ. Ó sọ ewúrẹ́ kalẹ̀, ó gbé iṣu lọ bá ajá, ó sì tún padà wá gbé ewúrẹ́ nígbẹ̀yìn. Ó ń tukọ̀, òógùn ń bò ó, ewúrẹ́ sì jókòó ní tirẹ̀, ó ń jẹ táì Fọlárìn láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè.

"Táì yìí dára," ni ewúrẹ́ wí. "Níbo lo ti rà á?"

"Ọjà Kúto ni, sà."

"Ó ní iyọ̀ díẹ̀."

Nígbà tí gbogbo wọn gúnlẹ̀, àwọn ìgbìmọ̀ tó wọ aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ti ń dúró létí odò. Olórí wọn béèrè pé, "Ta ló kó gbogbo yín kọjá odò yìí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ni ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa máa sọ? Ṣé ó máa lu ara rẹ̀ láyà, kó ní òun ni, òun ni? Ẹni tó bá ń ki ara rẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ á máa wo ojú ara wọn. Fọlárìn tẹríba, ó ní, "Ọlọ́run ló ṣe é, sà. Gbogbo wa la jọ sapá."

"Ta ni gbogbo yín?"

Fọlárìn wẹ̀yìn. Ajá ṣí ìwé ìròyìn sí ojú ewé mìíràn. Iṣu kò sọ nǹkan kan. Ewúrẹ́ ló bọ́ síwájú, ó sì tún táì rẹ̀ ṣe.

"Èmi ni," ni ewúrẹ́ wí. "Èmi ni mo darí ìrìnàjò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ajá kọjá lẹ́ẹ̀kan, iṣu kọjá lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n èmi lọ, mo bọ̀, mo tún lọ. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ní ìrírí, ẹ má wá a jìnnà."

Àwọn ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Wọ́n so síkáàfù ilé-ẹ̀kọ́ náà mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn, síkáàfù aláwọ̀ ojú ọ̀run tí Fọlárìn ti wò nínú àwòrán títí tí ó fi mọ iye ìlà ara rẹ̀. Ṣé inú bí i? Kò bí i. Ó ní ohun tí ewúrẹ́ sọ kúkú pé, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú oríire, sà." Ṣùgbọ́n ó ń wo síkáàfù náà bó ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lọ, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ti wà lọ́rùn òun, ó ń wá ibi tí kókó rẹ̀ ì bá wà.

Ó tẹ̀ lé ewúrẹ́. Wọ́n wọ ẹnu ọ̀nà gíláàsì kan. Inú lọ́hùn-ún, ilé ẹrù tí Fọlárìn ti ń ṣiṣẹ́ ni, àwọn àpò oúnjẹ adìyẹ ló tò dé òrùlé, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn sì ń rùn gbuu, àmọ́ adágún ló wà lójú fèrèsé. Fọlárìn ní, "Àṣé wọ́n ti fẹnu kò pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ wa." Ó dùn mọ́ ọn.

Tábìlì kan wà láàárín ilé náà tó ga bí òpó táńkì omi. Lókè téńté, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid jókòó, irun rẹ̀ funfun, ó tàn ká bí ìkuukùu òwúrọ̀. Ìgbìmọ̀ jókòó yí i ká. Àga kan wà nísàlẹ̀, orúkọ Fọlárìn ni wọ́n fi ẹfun kọ sí i lẹ́yìn. Kó tó jókòó sí i, ó wòkè, ó rí ìyá àgbà, ara rẹ̀ sì tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ọmọkùnrin yẹn dà?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid béèrè lókè.

"Èmi rèé, mà," ni Fọlárìn dáhùn láti ilẹ̀. Ohùn rẹ̀ wọ inú rọ́ọ̀gì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lọ.

"Ó wà níbí lẹ́ẹ̀kan," ni ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ wí. "Mo rí kóòtù rẹ̀."

"Ẹ wá a."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Wọ́n tú àpò oúnjẹ adìyẹ wò. Wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ sórí adágún. Wọ́n fi ìkéde sórí rédíò, ohùn obìnrin tó máa ń ka ìkéde òkú ló kà á: "Fọlárìn Ṣódípọ̀, gíga rẹ̀ mọ níwọ̀n, ó fẹ́ràn àlọ́. Ẹni tó bá rí i, kó jọ̀ọ́, kó sọ fún un pé àyè rẹ̀ wà níbí." Fọlárìn gbọ́ ìkéde náà ketekete níbi tó wà. Ó ní ọ̀rọ̀ tó dùn tó báyìí, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

"Dìde," ni rọ́ọ̀gì sọ sí i létí.

"Wọn ò tíì ní kí n dìde."

"Wọn ò ní sọ bẹ́ẹ̀ láéláé."

"Àgbà ni wọ́n. Àgbà kì í gbàgbé."

"Ọ̀rẹ́," ni rọ́ọ̀gì wí, ó sì mí kanlẹ̀, "mo ti pẹ́ nílé yìí. Gbogbo wọn ló ń tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n láti àtẹ́lẹsẹ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, wọn ò kàn mọ̀ pé àwọn ni ò ń dúró dè."

"Nígbà náà, màá tún dúró díẹ̀ sí i."

"Orí kunkun rèé," ni rọ́ọ̀gì wí. "Ó dáa, sún sápá ọ̀tún, ibẹ̀ yẹn ló fẹ́lẹ́ jù."

Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ nínú ilé náà, ó ń bọ́ sẹ́yìn kóòtù Fọlárìn. Àwọn àpò di àga kíláàsì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, wọ́n ń gba orí rẹ̀ kọjá, wọ́n ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́ o, pẹ̀lẹ́ o," bí ẹni tó ń ré àpáta kọjá. Ewúrẹ́ wọlé kẹ́yìn. Ó ti gboyè, ó ti di olùkọ́, awò wà lójú rẹ̀. Ó dúró síwájú pátákó, ó sì ju ìṣòro kan sílẹ̀.

"Oúnjẹ wà lápá ìhín," ni ewúrẹ́ wí. "Ebi ń pa àwọn tó wà lápá ọ̀hún. Òjò ti gbá afárá lọ. Ọ̀nà kejì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ á ti bu kó tó débẹ̀. Kí lẹ máa ṣe? Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Ẹni tó kọ́ mi ò mọ̀ ọ́n."

Gbogbo kíláàsì sún àga wọn mọ́ra.

Níbi tí Fọlárìn wà, ọkàn rẹ̀ fò fẹ̀rẹ̀. Ẹ ẹ̀ rí i, iṣẹ́ tó ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn! Afárá tó já, ẹrù tó ń bu, òun ló ń bá jí, òun ló ń bá sùn. Kì í ṣe pé ó mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó kàn mọ ibi tí ènìyàn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀ bí omi gbígbóná. Kò lè dìde, wọn ò tíì ṣàdúrà. Ó bá na ọwọ́ sókè láti ilẹ̀, ó nà án títí ìka rẹ̀ fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Ẹ wo ohun tó dáa," ni akẹ́kọ̀ọ́ kan wí. "Wọ́n ti fi ìkọ́ aṣọ síbí." Ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi kọ́ ọwọ́ náà. Ẹlòmíràn fi fìlà kọ́ ọ. Ẹnì kan gbé agboòrùn kọ́ ọ. Fọlárìn di gbogbo rẹ̀ mú, nítorí kò bójú mu kéèyàn ju ẹrù àlejò sílẹ̀. Wọ́n ń jiyàn lókè, ohùn wọn ń dùn, wọ́n ń sún mọ́ ìdáhùn, wọ́n tún ń jìnnà sí i. Nígbà mìíràn ẹnì kan á sọ ohun tó jọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀, á sì kọjá rẹ̀ lọ láìdúró. Ó ní òun fẹ́ sunkún, kì í ṣe ti ìbànújẹ́ gan-an, bí ìgbà tí ọkọ̀ tó yẹ kó gbé ọ bá ń kọjá lọ, tí o sì ń rí ojú àwọn ará inú rẹ̀ lójú fèrèsé.

Wọ́n jáde tán. Wọ́n gba kóòtù wọn lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò tilẹ̀ wo ohun tó di í mú.

Lókè tábìlì, gègé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid já bọ́. Ó yí, ó yí, ó dúró síwájú imú Fọlárìn. Ìyá àgbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ó mú ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹni tó ń sọ̀ lórí igi àgbọn, ó ń kérora, eegun rẹ̀ ń ró wọ́kú wọ́kú. Nígbà tó dé ilẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀, ló bá kúkú dùbúlẹ̀ síkùn. Ojú rẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ojú Fọlárìn lábẹ́ tábìlì.

"Háà," ló wí. "Ìwọ rèé."

"Èmi rèé, mà."

"A ti ń wá ọ."

"Mo gbọ́ lórí rédíò, mà. Ẹ ṣeun."

Ìyá náà wò ó pẹ́. Yìnyín wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀. "Kí lo fẹ́?" ló béèrè. Kò béèrè bí ìgbìmọ̀ ṣe ń béèrè. Ó béèrè bí ẹni tó bá ọmọ ní ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo èsì tí Fọlárìn ti há sórí, nípa ipò adarí, nípa ọdún tó ń bọ̀, kò rí ọ̀kan mú. Ó ní, "Mo fẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Mo fẹ́ jókòó ti ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, kí èmi náà má mọ̀ ọ́n pẹ̀lú yín. Ìyẹn náà ni, mà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí."

"Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn, o sì wá dùbúlẹ̀ síbí? Kí ló dé tó ò dìde?"

"Ẹ ò tíì ṣàdúrà fún mi ni, mà."

"Àdúrà wo?"

"Èyí tí àgbà máa ń ṣe fún ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀. Kí n tó dìde."

Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid là. "Ìdí nìyẹn? Ọjọ́ yẹn náà? Àga òfìfo yẹn?"

"Ìdí nìyẹn, mà."

"Yé è! Sọ ọ́, kí n gbọ́. Kí n máa sọ ọ́ tẹ̀ lé ọ."

Fọlárìn ya ẹnu, ó sì tún pa á dé. "Kò ní ṣe é ṣe, mà. Bí mo bá fi àdúrà náà sí yín lẹ́nu, èmi ni mo ṣe é fún ara mi nìyẹn. Àgbà gbọ́dọ̀ mú un wá láti inú ara rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n kò sí nínú mi. Wọn ò kọ́ mi."

"Mo mọ̀, mà."

"Bí o ò bá kọ́ mi, mi ò lè mọ̀ ọ́n. Bó o bá kọ́ mi, kì í ṣe tèmi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kan sì tàn lójú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí Fọlárìn mọ̀ dáadáa, nítorí ojú tirẹ̀ náà ló máa ń tàn bẹ́ẹ̀. "Ìṣòro gidi rèé," ló wí jẹ́jẹ́. "Mi ò mọ ojútùú rẹ̀ o. Ìwọ ń kọ́?"

"Èmi náà ò mọ̀ ọ́n, mà."

"Ó dára," ni ìyá náà wí. "Ó dára gan-an. Sún mọ́ ibí."

Àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lójú rọ́ọ̀gì, wọ́n fi àgbọ̀n lé ọwọ́, wọ́n ń ro ó. Fọlárìn ní òun kò gbádùn ibì kan tó ibẹ̀ rí láyé òun. Ìyá náà á mú àbá kan wá, Fọlárìn á fọ́ ọ. Fọlárìn á mú òmíràn wá, ìyá á fọ́ ọ, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lójú fèrèsé, igi máńgòrò ń sún lọ sísàlẹ̀, ó ń kéré sí i. Àǹtí Mosún ti ń tú okùn aṣọ rẹ̀, oòrùn ti lọ, ó fẹ́ kó aṣọ wọlé.

"Mà," ni Fọlárìn wí, "ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ. Ṣé èmi náà wà nínú àwọn tó ń lọ? Ṣé ẹ ti gbà mí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ingrid gbé ọwọ́ sókè pé kó dúró. Ó di ojú rẹ̀, ó ń wá nǹkan nínú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tó jìn gan-an. Fọlárìn rí i pé ó ti rí i. Ó rí i pé ó ń mú un bọ̀. Ìyá náà la ẹnu.

"Wàá dàgbà," ni ohùn kan wí lókè orí rẹ̀.

"Àmín," ni Fọlárìn dáhùn.

"Wàá gbó, wàá tọ́."

"Àmín, mà."

"Ibi tí wọ́n bá ti ń pín ire, orúkọ rẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ pè. Wọn ò ní wá ọ tì."

Fọlárìn kò tíì ṣe àmín kẹta. Ó la ojú rẹ̀. Ẹní ló kọ́kọ́ rí, ìlà rẹ̀ ti tẹ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rí ẹsẹ̀ méjì, ẹsẹ̀ àgbà tó kún fún eruku, nínú sálúbàtà. Ìyá ọkọ Àǹtí Mosún ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé dé láti Òde-Rẹ́mọ, àpò gààrí ṣì wà lórí rẹ̀. Fọlárìn ti yí dànù lójú oorun, ó ti na gbọọrọ síkùn lẹ́nu ọ̀nà gan-an.

"Ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́," ni ìyá àgbà náà ń wí. "Mi ò tíì sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀."

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn!" Àǹtí Mosún ń pariwo bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, aṣọ kún ọwọ́ rẹ̀. "Oorun ló ń sùn! Kò kí ẹnikẹ́ni!"

"Ta ló ń sùn? Ẹni tó ń sùn á máa ṣe àmín? Fi ọmọ sílẹ̀, jàre."

Fóònù Fọlárìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ lórí ẹní, kò dún, kò tan iná. Ó nà sílẹ̀ síbẹ̀, kò mira, ojú rẹ̀ wà lára àtẹ́lẹsẹ̀ tó kún fún eruku náà.

"Àmín," ló wí nígbẹ̀yìn.

"Ó yá, dìde, ọmọ mi," ni ìyá àgbà náà wí. "Dìde, wá sọ ẹrù yìí fún mi."

Ó dìde.